KỌ́KỌ́RỌ́ ÀMÁÀNÀ
Wáàsí lórí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tó lágbára tí a kò sì ní gbàgbé



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ẹ̀mí wa sí di ààwẹ̀ ọdún yìí. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ̀yin bàbá tí tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí ẹ ń din àkàrà ìṣínu, ẹ̀yin ọmọ tí ebi ti ń wo ojú aago, mo kí gbogbo yín. Ọlọ́hun yóò gbà á ní iṣẹ́ rere.

Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ni wáàsí tèmi yóò dá lé lórí, mo ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní páásíwọọ̀dù. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ààfáà, ṣé ẹ ti di oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni?" Mo ní rárá o. Kéwú ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹni tí olè ti jà rí, tí kò bá sọ fún ará ilé rẹ̀ ibi tí olè gbà wọlé, ṣé ó ṣe dáadáa? Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi.

Ní Ràmàdáánì ọdún 2021, ọwọ́ mi ni owó ìṣínu ẹgbẹ́ wa wà. Àwọn èèyàn ń dá a díẹ̀ díẹ̀. Ẹlòmíràn á mú 1,000 náírà wá, ẹlòmíràn 500. Opó kan tó ń ta ata mú 200 náírà wá, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní kí a bá òun fi kún un. Inú àkántì mi ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí, kí a lè máa fi ra ìrẹsì àti ẹ̀wà àti èso fún àwọn tí kò ní ohun tí wọn yóò fi ṣínu. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, fóònù mi ti lọ. Mo rò pé fóònù nìkan náà ni. Mo ní kò burú, n ó ra òmíràn lẹ́yìn ọdún. Mi ò mọ̀ pé olè ọ̀hún ti yọ síìmù inú rẹ̀, ó ti kì í bọ inú fóònù tirẹ̀, ó sì ti ń tẹ nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́ ti bánkì. Wọ́n ní kó mú PIN wá. Ẹ̀yin ará mi, PIN yẹn, ọdún tí wọ́n bí mi ni. Ọdún tí wọ́n bí mi sì wà lórí káàdì ìdìbò tí mo fi sí ẹ̀yìn fóònù náà, nínú àpò rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ fún un pọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó kó 100,000 náírà. Nígbà tí agogo méjìlá òru kọjá tí ọjọ́ yí padà, ó tún kó 62,000. Nígbà tí mo fi máa dé bánkì láàárọ̀, ohun tó kù níbẹ̀ kò tó ra àpò ìrẹsì kan.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì mo dìde nínú mọ́sáláṣí, mo sọ bó ṣe rí. Gbogbo wọn dákẹ́. Ìyá Àdínì wa ló kọ́kọ́ lanu. Wọ́n ní, "Ààfáà, Ọlọ́hun yóò fi òmíràn rọ́pò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, nọ́ńbà wo lẹ lò?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ààfáà, ọdún tí wọ́n bí yín ńkọ́? Ṣebí ó wà lára kàlẹ́ńdà tí a ṣe fún yín nígbà tí ẹ pé ọgọ́ta ọdún. Ó wà lára ògiri yàrá mi."

Mo ta àgbò tí mo ń sìn de Iléyá, mo san díẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san ìyókù. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn mí lójú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ níkọ̀kọ̀ pé Ààfáà ti jẹ owó ìṣínu. Ìyẹn dùn mí ju àgbò lọ.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ohun tí mo ń bá bọ̀ nìyí. Nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, wọ Mẹ́kà ní ọdún 630, ọwọ́ Usman ọmọ Talha ni kọ́kọ́rọ́ Kábà wà. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n ṣí Kábà, nígbà tí wọ́n sì ṣe tán wọ́n dá a padà fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onítúmọ̀ Àlùkùráánì ló so ẹsẹ 58 nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ àmáànà, mọ́ ìtàn yìí. Títí di òní, àwọn ẹbí rẹ̀, Banu Shaybah, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yẹn. Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe irin lásán. Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú, ó di ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mú. Láyé òde òní, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wa ni ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Owó ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán àwọn ìyàwó àti ọmọbìnrin yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ìgbẹ́kẹ̀lé bá yín sọ lórí WhatsApp wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Ààfáà, Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ni." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, nípa ọkùnrin tó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀. Ẹ mọ èsì tí wọ́n fún un: kó so ó ná. Ẹni tó fi 1234 ṣe PIN tó wá ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ní tàwákálítù, ràkúnmí rẹ̀ wà ní ìgboro.

Ẹ má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe lórí 1234. Ní ọdún 2012, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Berry kó ọ̀rọ̀ ìpamọ́ oní-nọ́ńbà mẹ́rin tó ti lu síta jọ, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó ju mẹ́wàá lọ tó jẹ́ 1234. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, àwọn olè wọ ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ RockYou, wọ́n kó ọ̀rọ̀ ìpamọ́ mílíọ̀nù 32 jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni 123456. Àwọn tó lò ó lé ní 290,000. Látìgbà yẹn ni irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn olè káàkiri ayé. Olè kì í jókòó kó máa ronú lórí orúkọ yín. Ó ti ní ìwé lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló sì ń ka ìwé náà fún un lójú ẹsẹ̀.

Ní ti àwa Mùsùlùmí, a ní tiwa. Àwa tí a kọ́ ìṣirò ábíjàdì mọ̀ pé 786 ni iye Bísímílláhì. Mo ti rí ọmọ ilé kéwú tó fi 0786 ṣe PIN, mo tún rí ààfáà bíi tèmi tó lo 7860, tó rò pé òun gbọ́n. Òmíràn á fi 114 sí i nítorí iye súrà. Òmíràn á kọ Alhamdulillah, á fi 1 sí ìdí rẹ̀. Gbogbo èyí tí mílíọ̀nù èèyàn mọ̀, kò sí ìpamọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe, bẹ́ẹ̀ ni oríkì ilé yín. Ìyá àgbà yín ń fi oríkì kí yín létí gbogbo àdúgbò láàárọ̀, ẹ wá fi ṣe kọ́kọ́rọ́! Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àkọ́bí, ọjọ́ ìgbéyàwó, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ilé. (Èmi fúnra mi kò tiẹ̀ fẹ́ kí ènìyàn máa tẹ orúkọ Ọlọ́hun níbi gbogbo tó bá gbé fóònù dé, tó fi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ní báyìí, ẹ̀rù wo ló ń ba àwọn àgbà? Ẹ̀rù ìgbàgbé ni. Wọ́n á ní, "Bí mo bá fi èyí tó le, n ò ní rántí. Bí mo bá fi èyí tí mo máa rántí, kò le." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá padà sí ọdún ìbí. Ẹ̀bi wọn kọ́ ni pátápátá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Ní ọdún 2003, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Burr, tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NIST, kọ ìwé ìlànà kan. Ó ní kí èèyàn fi lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àwọn àmì wẹ́wẹ́ kún ọ̀rọ̀ ìpamọ́, kó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Gbogbo ayé gbà á. Kí làwọn èèyàn wá ṣe? Ẹni tó ń lò Alhaji1, nígbà tí wọ́n ní kó pààrọ̀, ó di Alhaji2. Wọ́n tún ní kó pààrọ̀, ó di Alhaji3. Olè náà mọ̀ ọ́n kà. Ní ọdún 2017 ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Àjọ yẹn náà yí ìlànà padà lọ́dún kan náà: gígùn ló ṣe pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má sì fipá mú èèyàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí ìdí. Inú mi dùn sí ọkùnrin yẹn. Àgbà tó bá lè sọ pé òun ṣì í, ó ṣọ̀wọ́n.

Ta ló wá là mí lójú? Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ti há Àlùkùráánì sórí, ẹ wá ní ẹ ò lè rántí ọ̀rọ̀ márùn-ún?" Ẹnu mi wọhò. Ó ní kí n yọ fìlà mi. Ó gé ìwé sí pélébé pélébé, ó ní kí gbogbo ará ilé máa dárúkọ nǹkan: ohun inú ilé, ohun ọjà, ẹranko, iṣẹ́ ọwọ́. A kọ ọ́ títí ó fi pé 100. A kó wọn sínú fìlà, a gbọ̀n ọ́n, mo di ojú, mo fà.

Ẹ bá mi ṣírò ó, kí ẹ lè rí agbára tó wà níbẹ̀. PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin, láti 0000 dé 9999, ó jẹ́ 10,000. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọdún ìbí, tí olè sì ti rí irùngbọ̀n mi, ó mọ̀ pé mo ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, kò kù ju bí ọgbọ̀n lọ tí ó máa dán wò. Ẹ wá wo fìlà. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ bá fà, ọ̀nà 100 ló lè gbà jáde. Ẹ dá a padà sínú fìlà, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fa èkejì: 100 lọ́nà 100, ó di 10,000. Ọ̀rọ̀ méjì péré ti tó PIN bánkì. Ẹ fa ẹ̀kẹta, ó di mílíọ̀nù kan. Ẹ fa ẹ̀kẹrin, ó di 100 mílíọ̀nù. Ẹ̀karùn-ún, bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ìyẹn sì jẹ́ fún olè tó bá mọ gbogbo ọ̀rọ̀ 100 tó wà nínú fìlà yín! Agbára rẹ̀ kò sí nínú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Ó wà nínú pé kò sí ẹni tó yàn án, àní ẹ̀yin gan-an.

Ẹ ṣe àkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ má fi orí ara yín yan ọ̀rọ̀ márùn-ún. Bí mo bá ní kí ẹ yan án, ẹ ó mú ìfẹ́, owó, àlàáfíà, Mẹ́kà àti orúkọ ọmọ. Ọkàn èèyàn kì í rìn jìnnà sílé. Ẹ jẹ́ kí fìlà yàn án fún yín, bí ohun tó jáde bá tiẹ̀ pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ má dá a padà.

Arnold Reinhold, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1995. Ọ̀rọ̀ 7,776 ló tò sínú ìwé tirẹ̀, ó ní kí èèyàn máa ju ọmọ ayò olójú mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n fi ń ta lúdò, kí ó fi mọ ọ̀rọ̀ tó máa mú. Ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú ìwé yẹn, bí ẹ bá kọ iye ọ̀nà tó lè gbà jáde sílẹ̀, nọ́ńbà náà á gùn tó òǹkà 20. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń fajú ro nítorí mo dárúkọ ọmọ ayò. Hádíìsì wà lórí ọ̀rọ̀ ayò jíjù, àwọn onímọ̀ sì ti sọ̀rọ̀ lé e lórí. Èmi kò wá ìjà lóṣù ààwẹ̀. Fìlà ni mo lò.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí n sọ: fìlà ọlọ́rọ̀ 100 kò tó fún ibi gbogbo. Bí olè bá jí àkójọ gbé kúrò ní ilé iṣẹ́ kan, tó gbé e lọ sílé rẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbára lè dán bílíọ̀nù mẹ́wàá wò láìpẹ́ rárá. Nítorí náà, fún ímeèlì yín, tó jẹ́ ìyá gbogbo kọ́kọ́rọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà tún kọ́kọ́rọ́ yòókù rọ, ẹ lo ìwé atúmọ̀ èdè ńlá. Ẹ di ojú, ẹ ṣí i, ẹ na ìka lé ibì kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ẹ má ṣe jókòó sí apá kan ìwé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ẹ má fi àmì sí i nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku ìrántí. Àwa ọmọ ilé kéwú la ni ibí yìí. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tó jáde nínú fìlà lọ́jọ́ yẹn, tí n ò sì lò, nítorí mo fẹ́ sọ ọ́ lórí rédíò: ràkúnmí, ṣaworo, àgbàdo, pèpéle, ọṣẹ. Ẹ má ṣe kà á bí ẹni ń ka ìwé gbèsè. Ẹ rí i lójú ọkàn. Ràkúnmí gbọ̀ngbọ̀nràn kan so ṣaworo mọ́ ọrùn, ó ń jẹ àgbàdo lórí pèpéle iwájú ilé yín, ọṣẹ sì ń hó yàà lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i? Ó dá mi lójú pé ẹ ó ti ṣínu tán, ẹ ó ti kí Àṣámù, ràkúnmí yẹn á ṣì wà lórí pèpéle. Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́, rakunmi-saworo-agbado-pepele-ose ni. Bí ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ bá ń ṣagídí pé àfi kí lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà wà níbẹ̀, ẹ fi R ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi iye ìgbà tí ràkúnmí náà jáwó jẹ kún un: 7 tàbí 4, ohun tó bá wù yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì lo ti ràkúnmí yìí o. Ó ti di ti gbogbo ìlú.

Nílé kéwú, ààfáà wa kì í gbé ojú ìwé odidi kan fúnni. Ẹsẹ kan ni wọ́n máa ń kọ sórí wàláà. Ẹ ó kà á títí, ẹ ó tún ti àná kà kí wọ́n tó kọ tòní. Bí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tuntun ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, ẹ fi sínú àpò ẹ̀wù tó wà lára yín, kó má kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wo ìwé náà, ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ kan á jẹ́ ìgbà 35. Ní ọjọ́ kẹrin mi ò wo ìwé mọ́, mo sì ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹ rántí hádíìsì tó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, níbi tí Ànábì ti fi ẹni tó há Àlùkùráánì sórí wé olówó ràkúnmí tí wọ́n so. Bí ó bá ń bẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á wà níbẹ̀. Bí ó bá gbàgbé wọn, wọ́n á lọ. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí ẹ kò tẹ̀ fún ọdún kan, ẹ má bínú bí ó bá ti já okùn.

PIN ti bánkì ńkọ́, tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin péré? Ẹ kọ 0 dé 9 sínú ìwé, ẹ kó o sínú fìlà náà, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ máa dá a padà lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Láti rántí rẹ̀, ọ̀nà tí èmi ń gbà nìyí. 0 ni igbá òfìfo. 1 ni òṣùpá. 2 ni ojú méjèèjì. 3 ni ààrò. 4 ni ẹsẹ̀ ewúrẹ́. 5 ni ìrun wákàtí. 6 ni ààwẹ̀ Ṣàwáálì. 7 ni yíyí Kábà po. 8 ni àwọn ilẹ̀kùn Àlùjánnà. 9 ni oṣù oyún. Bí fìlà bá fún yín ní 3097, ẹ rí ààrò mẹ́ta, igbá òfìfo wà lórí rẹ̀, aboyún kan dúró tì í, ó wá ń yí i po bí àwọn alálájì. Ó tán. Ẹni tó bá wo ẹnu yín kò lè rí i níbẹ̀. Ẹ tún lè fi PIN sórí síìmù fúnra rẹ̀, kí ẹni tó bá yọ ọ́ má lè lò ó. Ká ní mo mọ èyí ní 2021 ni, olè yẹn ì bá jókòó ti síìmù mi lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yín jókòó tì yín kí ẹ tó ṣe é, nítorí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì pa, ẹ ó sì nílò nọ́ńbà PUK láti ṣí i.

Àwọn kan á ní wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ kan tó dára, wọ́n á wá fi ṣí gbogbo nǹkan: bánkì, Facebook, ímeèlì, àkántì mọ́sáláṣí. Ẹ ka ẹsẹ 67 nínú Súrátù Yúsúfù. Nígbà tí àwọn ọmọ Ànábì Yákúbù ń lọ sí Íjíbítì, kí ni bàbá wọn sọ? Ó ní kí wọ́n má gba ẹnubodè kan ṣoṣo wọlé, kí wọ́n gba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá tó ti fojú sunkún ọmọ rí ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí olè bá rí kọ́kọ́rọ́ Facebook yín, kó má lè fi ṣí àpótí owó. Ẹni tí ti tirẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tí orí gbà lọ, àpò kọ́kọ́rọ́ wà tí wọ́n ń fi sórí fóònù, tó ń bá èèyàn tọ́jú ìyókù, kí ó wá há kọ́kọ́rọ́ àpò yẹn nìkan sórí.

N ò ní pẹ́ lórí àwọn tó ń pe fóònù pé ilé ìfowópamọ́ làwọn ti ń pè. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé kí ẹ dárúkọ PIN, tàbí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, olè ni, bó ti wù kó mọ orúkọ yín tó, bó ti wù kó kí yín ní "Àsàlámù àlékúmù, Bàbá Alhaji" tó. Ẹ pa fóònù dé. Ràkúnmí ẹlẹ́nu ọṣẹ kò lè gba ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é fún olè.

Ọ̀rọ̀ tó kù wúwo fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó wà nínú hádíìsì pé kò yẹ kí Mùsùlùmí tó ní ohun tó fẹ́ sọ nípa dúkìá rẹ̀ sun òru méjì láìkọ wàsíyà rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti rí ilé tí bàbá kú, tí gbogbo owó tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú wà lórí fóònù, tí kò sí ẹni tó lè ṣí i. Àwọn onígbèsè ń bọ̀ wá bá opó rẹ̀, opó kò mọ èyí tó jóòótọ́. Nítorí náà ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ fóònù àti ti ímeèlì sínú ìwé, ẹ kọ iye owó tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àti èyí tó jẹ́ tiyín sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa nínú àpò ìwé, ẹ fi síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mọ ibẹ̀ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé nínú àpótí tó ní àgádágodo kì í ṣe àìmọ̀kan. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù ni àìmọ̀kan, èmi ni mo sì ṣe é rí.

Tèmi ti wà nínú àpótí ìyàwó mi àgbà láti ọdún 2021. Owó ìṣínu ọdún yìí náà tún wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Àdínì ló ní kí wọ́n tún gbé e fún mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e, wọ́n ní, "Ààfáà, a ò ní bi yín ní nọ́ńbà o. Ẹ kàn sọ fún wa pé kò sí lára kàlẹ́ńdà."

Mo gbọ́ tí ladáánì ń tọ́ ohùn wò. Ẹ gbé omi àti dàbínù yín súnmọ́ tòsí. Wàsálámù àlékúmù.